Ọ̀la Tí Amusìgá Lè Fojú Inú Rí

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn ní àyájọ́ Ọjọ́ Àìmu Tábà Lágbàáyé

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá, tí ẹ sì wá síbí, lọ́tọ̀. Kò rọrùn fún ènìyàn láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbi tó mọ̀ pé wọ́n lè bá òun wí. Mo ṣèlérí fún yín pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni wí lónìí. Ọ̀rọ̀ ìrètí ni mo gbé wá, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

ÌFÁÀRÀ

Láti ọdún 1988 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti kìlọ̀ nípa tábà, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ló sì di àyájọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ikú ló máa ń gba ẹnu gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Àjọ yìí sọ pé àwọn tí tábà ń pa lọ́dún kan lé ní mílíọ̀nù 7, àti pé àwọn tí kò mu sìgá ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fa èéfín ẹlòmíràn símú wà lára wọn. Òótọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ yé sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2012, wọ́n rí i pé 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ń lo tábà, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 4.5 ènìyàn. Láàrin àwọn ọkùnrin, ó tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ta ni nínú gbogbo wọn tí kò tíì gbọ́ pé sìgá ń pani? Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò. Ìyá ń sọ ọ́, ìyàwó ń sọ ọ́, pásítọ̀ àti àáfà ń sọ ọ́. Amusìgá á gbọ́, á mi orí, á sì tún ṣáná sí òmíràn. Etí rẹ̀ kò di, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì sú u. Ohun tí mo wá sọ ni pé ikú tí a fi ń dẹ́rù bà á jìnnà sí i, sìgá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká bá a gbé ohun rere kan sún mọ́ ọn: ọ̀la tirẹ̀ gan-an, tó ní ọjọ́, tó ní ibi, tó ní àwọn ènìyàn nínú, tó sì lè fojú inú rí kedere ní ìṣẹ́jú tí sìgá bá ń pè é.

ÌDÍ TÍ ÌKÌLỌ̀ NÌKAN KÒ FI TÓ

Bí ènìyàn bá fa èéfín sìgá, nikotíìnì inú rẹ̀ á gba ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀, á sì dé ọpọlọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún. Kò sí oògùn tí a ń gbé mì tó yá tó bẹ́ẹ̀. Ara tó ti ń béèrè rẹ̀ á rọlẹ̀, ìdààmú á fúyẹ́ díẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́? Ó lè gba ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kó tó fara hàn. Èrè dé lójú ẹsẹ̀, gbèsè sì ń bọ̀ nígbà tí ọmọ bá ti di bàbá ọmọ.

Lọ́dún 1951, Richard Doll àti Austin Bradford Hill bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn dókítà ní Ìlú Ọba, 34,439 ọkùnrin. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi tọpa wọn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 2004 ni pé ẹni tó bá ń mu sìgá láìjáwọ́ ń pàdánù bí ọdún mẹ́wàá nínú ẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáwọ́ ní ẹni ọgọ́ta ọdún á gba bí ọdún 3 padà. Ẹni àádọ́ta á gba 6. Ẹni ogójì á gba 9. Ẹni tó bá jáwọ́ ní ọgbọ̀n ọdún á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ padà. Doll fúnra rẹ̀ ti ń mu sìgá kí ìwádìí tó ṣe ṣáájú èyí tó là á lójú, ó sì jáwọ́.

Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó jókòó ní gáréèjì, tó ń dúró kí ọkọ̀ kún. Ọdún mẹ́wàá tí ẹ ń ṣèlérí fún un wà ní ìparí ayé rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ kò tíì dé. Kò rí i mú, kò rí i gbá mọ́ra. Báwo ló ṣe fẹ́ gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú sìgá tó ń jó níwájú rẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú wa. Wọ́n á bi yín pé: èwo lẹ fẹ́, 1,000 dọ́là tí ẹ máa gbà lọ́dún kan sí òní, tàbí 500 tí ẹ máa gbà nísinsìnyí? Bí ẹ bá mú ti òní, wọ́n á dín in kù. Bí ẹ bá yàn láti dúró, wọ́n á fi kún un, títí wọ́n á fi mọ iye tí ọdún kan yẹn gé kúrò lára owó náà lójú yín. Lọ́dún 1999, Warren Bickel, Amy Odum àti Gregory Madden fi irú ìbéèrè báyìí wé àwọn tó ń mu sìgá mọ́ àwọn tí kò mu ún rí àti àwọn tó ti jáwọ́. Lójú àwọn tó ń mu ún, owó ọjọ́ iwájú yára pàdánù iye rẹ̀ ju bó ṣe rí lójú àwọn yòókù lọ. Àwọn tó ti jáwọ́ sì jọ àwọn tí kò mu ún rí. Ìyẹn nìkan kò lè sọ fún wa bóyá jíjáwọ́ ló sọ wọ́n di onísùúrù, tàbí àwọn tó ti ní sùúrù tẹ́lẹ̀ ló rí i fi sílẹ̀. Àmọ́ ó fi yé wa pé ọ̀rọ̀ sìgá àti ọ̀rọ̀ ọ̀la so mọ́ra wọn.

Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ bi obìnrin tó ń dá àjọ léèrè ohun tó fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe bó bá kó o. Kò ní sọ pé òun kàn ń tọ́jú owó. Á ní páànù ni, pé yàrá méjì tó kù nílé ni òun fẹ́ bò kí òjò tó dé. Ó ti rí páànù náà, ó ti gbọ́ bí òjò ṣe máa rọ̀ lé e lórí nígbà tí àwọn ọmọ bá ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ kì í fi í wúwo nígbà tí alájọ bá dé ìsọ̀, bí ọjà tiẹ̀ dá. Amusìgá náà nílò páànù tirẹ̀.

BÍ ỌPỌLỌ ṢE Ń RÍ OHUN TÍ KÒ TÍÌ ṢẸLẸ̀

Endel Tulving, onímọ̀ nípa ìrántí tó ṣiṣẹ́ ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ṣe àyẹ̀wò ọkùnrin kan tí àwọn ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní K.C. Ìjàǹbá alùpùpù ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ lọ́dún 1981. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, làákàyè rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n kò lè rántí ìṣẹ̀lẹ̀ kankan nínú ayé ara rẹ̀ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ kejì, kò rí nǹkan kan sọ. Ibi tí àná ti sọnù lọ́kàn rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀la ti sọnù.

Lára irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ pé ohun tí ọpọlọ fi ń rántí náà ló fi ń hun ọjọ́ iwájú. Ojú tí a ti rí, ohùn tí a ti gbọ́, oúnjẹ tí a ti jẹ, gbogbo rẹ̀ ni ọpọlọ ń kó jọ láti fi ya àwòrán ohun tó ń bọ̀. Lọ́dún 2001, Cristina Atance àti Daniela O'Neill kọ̀wé tó sọ agbára yìí di ẹ̀ka ìwádìí tó dá dúró: kí ènìyàn gbé ara rẹ̀ síwájú nínú àkókò, kó sì fojú inú rí ìṣẹ̀lẹ̀ kan níbẹ̀ kó tó dé.

Ṣé ó wúlò fún nǹkan kan? Lọ́dún 2010, Jan Peters àti Christian Büchel ní Hamburg, ilẹ̀ Jámánì, bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n ti là sílẹ̀ láti ṣe ní àwọn oṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé wọn sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ní kí wọ́n yàn láàrin owó òní àti owó ọjọ́ iwájú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tó rán wọn létí ètò tiwọn bá hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà, wọ́n túbọ̀ ń fẹ́ dúró de èyí tó pọ̀. Bí àwòrán náà bá ṣe hàn kedere tó lọ́kàn ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni sùúrù rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Jeffrey Stein, Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Virginia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn amusìgá nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 2016. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn ronú àwọn ohun rere tó lè ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́jọ́ iwájú, kí apá kejì ronú àwọn ohun rere tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ẹ kíyè sí i pé ohun rere ni apá méjèèjì ń rò. Ibi tí wọ́n kọjú sí nìkan ló yàtọ̀. Lójú àwọn tó kọjú síwájú, owó ọjọ́ iwájú kò pàdánù iye rẹ̀ tó ti àwọn yòókù, sìgá tí wọ́n sì fà níbi àyẹ̀wò náà kéré sí ti àwọn tó kọjú sẹ́yìn. Ìdùnnú lásán kọ́ ló ṣe é, nítorí apá méjèèjì ló ní ìdùnnú. Lọ́dún 2017, Wen-Bin Chiou àti Wen-Hsiung Wu ní Taiwan gbé e gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ní kí àwọn amusìgá fojú inú rí ara wọn lọ́jọ́ iwájú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò mu sìgá mọ́. Àwọn náà dín iye tí wọ́n mu kù.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe àpẹẹrẹ. N kò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn. Ẹ kàn bá mi fojú inú wò ó. Ẹ ní kó sọ ohun rere kan tó ń retí. Ó lè dáhùn pé, “Kí Ọlọ́run ṣáà bùkún mi.” Àmín. Àdúrà rere ni, ṣùgbọ́n kò tíì rí nǹkan kan. Ẹ tún bi í pé, “Iléyá tó ń bọ̀ ńkọ́?” Ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ á là. Ojúde Ọba! Ọjọ́ kẹta ọdún!

Nígbà náà ni kí ẹ wá máa bi í ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa wà níbẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àti àbúrò rẹ̀ tó máa wá láti Ìbàdàn, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti pé ọdún mẹ́fà. Kí ni wọ́n wọ̀? Aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti san owó rẹ̀, fìlà tó bá a mu, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ọmọ. Kí ló ń gbọ́? Ìlù, ariwo èrò, pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin lórí ilẹ̀. Òórùn wo ló gba imú rẹ̀ nígbà tí wọ́n padà délé? Ẹran tí wọ́n ń dín lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí àwọn balógun ń kọjá lórí ẹṣin, níbo ni ọmọ náà wà? Ó wà léjìká bàbá rẹ̀, ó di orí bàbá rẹ̀ mú, ó ń nawọ́. Báwo ni inú rẹ̀ ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn? Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀.

Ẹ ti rí i pé a kò dárúkọ sìgá níbẹ̀ rárá. A kò dárúkọ ẹ̀dọ̀fóró, a kò dárúkọ sàréè. Ọjọ́ kan tó wu ọkùnrin yìí láti bá láyé ni a kàn gbé wá bá a.

Ohun mẹ́ta ni ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Èkíní, kó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ má ṣe bá a yàn án, nítorí ohun tó dùn mọ́ ìyàwó tàbí dókítà lè má dùn mọ́ ọn. Èkejì, kó jẹ́ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Dídi olówó tabua lọ́sàn-án kan òru kan kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọkàn lè dúró lé. Ìkómọ, ìgbà tí ọmọ bá jáde ìwé mẹ́wàá, ọjọ́ tí wọ́n máa kó kúrò nílé àyágbé, ìyẹn ni ọkàn mọ̀. Ẹ̀kẹta, kó má jẹ́ ẹyọ kan. Kó ní ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó ní ti oṣù tó ń bọ̀, kó ní ti oṣù mẹ́fà, kó ní ti ọdún kan, kó bàa lè máa rí ohun tó ń dúró dè é ní gbogbo ọ̀nà.

Bó bá ti sọ wọ́n tán, kó fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó kọ gbólóhùn kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé kò sí ẹni tó lè jókòó ya àwòrán nígbà tí ara bá ń béèrè nikotíìnì, kó ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Amusìgá kọ̀ọ̀kan mọ ìgbà tí ìyánhànhàn sìgá tirẹ̀ máa ń dé: lẹ́yìn ẹ̀bà ọ̀sán, nídìí ọtí, nígbà tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò kún, nígbà tí ọ̀rẹ́ bá ṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ìjà ilé. Ìyánhànhàn náà kì í pẹ́ títí. Bí ènìyàn bá lè fara dà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn gan-an ni kó fi ohùn náà sétí, kó dijú, kó lọ sí Ojúde Ọba. Bó bá wà nídìí ọkọ̀, kó kọ́kọ́ páàkì.

Àwa Yorùbá kì í fi ọ̀la ṣeré. À ń gbàdúrà láràárọ̀ pé kí ọ̀la sàn ju òní lọ. À ń sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Ìgbàgbọ́ pé ọ̀la ń bọ̀ kò wọ́n wa. Ohun tí ọ̀nà yìí fi kún un ni pé kí ọ̀la náà ní ojú tí a mọ̀, kó ní ohùn, kó ní déètì.

IBI TÍ AGBÁRA Ọ̀NÀ YÌÍ MỌ

Ẹni tó bá fẹ́ràn yín á sọ òtítọ́ fún yín. Púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí tí mo mẹ́nu bà ló jẹ́ àyẹ̀wò fún àkókò kúkúrú, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń ṣọ́ ohun tó ń lọ. Dídín sìgá kù nínú yàrá àyẹ̀wò kò tíì tó jíjáwọ́ fún ọdún mẹ́wàá nílé ara ẹni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀nà yìí rọ́pò ìtọ́jú tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: oògùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, ṣingọ́ọ̀mù oní-nikotíìnì, oògùn oníhóró bíi varenicline, àti ìmọ̀ràn látẹnu òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ lò wọ́n pọ̀. Oògùn á bá ara sọ̀rọ̀, ojú inú á bá ọkàn sọ̀rọ̀.

Mo tún ní ohun kan láti sọ fún ẹni tó rò pé bí òun bá ti dín in kù sí ẹyọ kan lóòjọ́, ó ti parí. Allan Hackshaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2018, wọ́n rí i pé nínú àfikún ewu àrùn ọkàn tí ogún sìgá lóòjọ́ ń kó bá ọkùnrin, ẹyọ kan ṣoṣo ń kó bí ìdajì rẹ̀ bá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín létí. Ẹni tó ti ogún dé márùn-ún ti ṣe gudugudu méje, mo kí i. Ṣùgbọ́n kó má jókòó síbẹ̀. Dídín in kù dára nítorí pé ó ń mú ènìyàn lọ síbi jíjáwọ́.

ẸNI TÍ Ọ̀LA ṢÓKÙNKÙN LÓJÚ RẸ̀

Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ìwádìí kan tó yẹ kí gbogbo olóṣèlú kà. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fojú inú wò ó pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn lójijì. Èrò lásán ni, síbẹ̀ ojú ẹsẹ̀ ni ọjọ́ iwájú kéré sí i lójú wọn, tí owó òní sì di gbogbo nǹkan. Bí èrò lásán bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni àìríṣẹ́ tòótọ́ ń ṣe fún ọ̀dọ́ tó ti kàwé tán, tó ń jí láràárọ̀ láìmọ ibi tó ń lọ? Bí a bá sọ fún un pé kó fojú inú rí ọ̀la, ó lè bi wá pé ọ̀la wo. Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi ìwàásù dá a lóhùn. Ẹni tó gba ọ̀dọ́ kan sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́ tó sì dá ọjọ́ gbígba òmìnira fún un, ó ti fún un ní ọjọ́ kan tó lè fojú inú rí. Ìjà tábà wà nínú ìyẹn náà.

Òfin ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òfin ìdarí tábà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015 ka títa sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, ó sì ní kí páálí tí wọ́n ń tà má dín ní ogún ẹyọ. Ṣùgbọ́n ẹ jáde síta, ẹ wo orí tábìlì: sìgá ẹyọ kan wà níbẹ̀, láítà tí wọ́n so mọ́ okùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó rà á má bàa fi ìṣẹ́jú kan dúró. Bí sìgá bá sún mọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni kí ọ̀la tó sún mọ́ ọn jù ú lọ. Òfin tí a bá mú ṣẹ á ti sìgá sẹ́yìn, ojú inú á fa ọ̀la wá síwájú. A nílò méjèèjì.

ÌKÁDÌÍ ÀTI ÌMỌ̀RÀN

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ewu sìgá fún aláìsàn tán, ẹ bi í léèrè ọjọ́ kan tó ń retí, kí ẹ sì bá a kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kúrò níwájú yín. Ẹ̀yin aṣáájú ẹ̀sìn, ẹ ti mọ bí a ṣe ń gbàdúrà fún ọ̀la. Ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ mú òfin 2015 ṣẹ nídìí tábìlì títí dé ilé iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ fún jíjáwọ́ dé ilé ìwòsàn tó sún mọ́ mẹ̀kúnnù.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ tí ẹni yín ń mu sìgá, ó ti rẹ̀ yín láti máa sọ pé kó má pa ara rẹ̀. Mo mọ̀. Ẹ gbìyànjú ìbéèrè mìíràn lálẹ́ òní: “Ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ wo ló wù ọ́ jù pé kó ṣojú rẹ?” Kí ẹ sì jókòó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá, mo fi yín ṣe ìkẹyìn nítorí pé tiyín ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n ti sọ fún yín tipẹ́ pé ẹ ó kú. Èmi ń sọ fún yín pé àwọn ọjọ́ kan wà níwájú tí a kò lè ṣe láìsí yín. Kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù yín. Lọ́la, kí ẹ tó ṣáná sí sìgá àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan péré lẹ rí i fi sílẹ̀ lọ́la, ẹ fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì wá dókítà lọ fún èyí tó kù.

Kí ẹ̀mí wa gùn, ká lè fojú ara wa rí ohun tí a ti fojú inú rí.